Ilé Tí Wọ́n Kọ́ fún Ojú Ọjọ́ Àná

Àkókò ò jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí tán nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tá a fi ní ká kọ ìyókù síbí. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Kánádà kan ni, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé ilé tí wọ́n ń kọ́ lónìí ò ní di ọ̀tá ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹ́ńjíníà nìkan ni o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Brampton, Calgary àti Winnipeg, abẹ́ òrùlé tí irú òfin bẹ́ẹ̀ gbé ró lẹ ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Lytton. Abúlé kékeré kan ni, ní ìpínlẹ̀ British Columbia, ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ooru ibẹ̀ dé 46.6°C. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ooru tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní gbogbo Kánádà ni 45°C, láti ọdún 1937. Lọ́jọ́ kejì ó di 47.9°C. Lọ́jọ́ kẹta ó di 49.6°C. Ìbàdàn fúnra ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ooru oṣù Kẹta tá a mọ̀ ọ́n mọ́, ò rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, iná jó Lytton, ó sì kù díẹ̀ kó jó gbogbo ẹ̀ tán.

Iná yẹn ni ìròyìn gbé kiri. Àmọ́ ooru ló pa èèyàn jù. Àjọ tó ń wádìí ikú òjijì ní British Columbia ka èèyàn 619 tí ooru ọ̀sẹ̀ yẹn pa, 98% nínú wọn ló sì jẹ́ pé inú ilé ni ooru ti mú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní 70 ọdún, ó ju ìdajì wọn lọ tó ń dá gbé, bẹ́ẹ̀ ni ilé ọ̀pọ̀ jù lọ ò ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Ohun tó yẹ kó ká wa lára ni pé ilé tí èèyàn kú sí yìí ò fi bẹ́ẹ̀ rú òfin kankan. Òfin ilé kíkọ́ Kánádà sọ pé ilé gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó lè mú yàrá gbóná dé 22°C nígbà òtútù. Ó ní nọ́ḿbà fún ìwọ̀n tí yàrá ò gbọdọ̀ tutù jù. Ìwọ̀n tí yàrá ò gbọdọ̀ gbóná jù ńkọ́? Kò sí nọ́ḿbà kankan níbẹ̀ nígbà yẹn. Òtútù nìkan ni wọ́n mọ̀ lọ́tàá.

Ta ló wá ń kọ òfin yìí? Àjọ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní National Research Council, tí olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Ottawa, ló tẹ àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde ní 1941. Wọ́n ń tún un ṣe látìgbà náà wá, ó sì ti di nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún: 2005, 2010, 2015, 2020. (Èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2020 yẹn, oṣù Kẹta 2022 ló tó jáde. Iṣẹ́ ìjọba, ẹ ṣáà mọ̀.)

Lápá ẹ̀yìn ìwé náà, àtẹ nọ́ḿbà kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí wò. Orúkọ ibi tó ju 600 lọ ló wà níbẹ̀, nọ́ḿbà sì tò tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí òtútù oṣù Kìíní ṣe ń mú tó, bí oṣù Keje ṣe ń gbóná tó, ìwọ̀n òjò tó lè rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15, bí yìnyín ilẹ̀ ṣe lè wúwo tó, bí atẹ́gùn ṣe lè ti ògiri tó. Ẹ́ńjíníà tó bá fẹ́ mọ bí igi òrùlé ṣe máa nípọn tó ní Halifax, inú àtẹ yìí ló máa wò. Gbogbo ilé tẹ́ ẹ rí ní Kánádà, ọmọ àtẹ yẹn ni.

Báwo ni wọ́n ṣe rí nọ́ḿbà wọ̀nyí? Wọ́n kó àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ọdún gbọọrọ jọ, wọ́n ṣírò ó. Fún yìnyín, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní ti ẹ̀ẹ̀kan láàárín 50 ọdún. Ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn yìí o, ó máa ń tan èèyàn jẹ. Kò túmọ̀ sí pé tó bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, ó tún di 50 ọdún. Ohun tó ń sọ ni pé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ewu pé ó máa ṣẹlẹ̀ jẹ́ 2%. Ó kéré lójú, àbí? Àmọ́ ilé kì í dúró fún ọdún kan. Tí ilé bá dúró fún 50 ọdún, ewu pé ó máa rí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, ti di nǹkan bí 64%. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ òrùlé kó lè gbà á.

Ìṣirò náà dáa. Àmọ́ ó dúró lórí ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo, pé ojú ọjọ́ ọ̀la máa jọ ti àná. Ìgbàgbọ́ yẹn ni Lytton fọ́ yángá.

Kí Lytton tó jó ni ìjọba àpapọ̀ ti rí i pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ní 2016, wọ́n ya $42.5 mílíọ̀nù owó Kánádà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọdún márùn-ún ní National Research Council. Owó náà gba ọwọ́ Infrastructure Canada wá. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí ilé, afárá, títì àti ọ̀nà omi fi máa lè fara da ojú ọjọ́ tó ń bọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹ wo ipò ẹni tó bá ń darí irú ikọ̀ báyìí. Kò ní to bíríkì kan, kò ní ya pílánù ilé kan. Àwọn tó mọ ojú ọjọ́ wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn, ìyẹn Environment and Climate Change Canada. Àwọn tó ń jókòó yẹ ọ̀rọ̀ tó máa wọ ìwé òfin wò, olùyọ̀ǹda ara wọn ni: ayàwòrán ilé, ẹ́ńjíníà, òṣìṣẹ́ panápaná, àwọn kọ́lékọ́lé. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ èdè, ẹ má gbàgbé àmì abẹ́ ọ o. Kọ́lékọ́lé ni mo wí, tó ń kọ́ ilé. Kólékólé ni èyí tó ń fọ́ ilé onílé lóru.) Olórí ikọ̀ ò lè pàṣẹ fún ìkankan nínú wọn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó bi ìbéèrè tó tọ́, kó sì mú kí àwọn tí kì í gbọ́ èdè ara wọn jókòó pọ̀.

Ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo ẹ̀ ni èyí: ìgbà wo ni ìmọ̀ tó láti sọ di òfin?

Ní ìparí 2020, Environment and Climate Change Canada gbé ìwé ńlá kan jáde fún iṣẹ́ yìí, tí àwọn onímọ̀ Pacific Climate Impacts Consortium bá wọn ṣe. Ìwé náà mú àwọn nọ́ḿbà inú àtẹ yẹn, ó ṣírò bí wọ́n ṣe máa rí lọ́jọ́ iwájú. Ọgbọ́n kan wà nínú ẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ò dá lórí ọdún. Wọ́n béèrè pé tí ayé bá fi 1°C gbóná sí i ńkọ́? Tó bá jẹ́ 2°C ńkọ́? 3°C ńkọ́? Ìdí ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ iye èéfín tí aráyé máa tú sí òfúrufú títí di 2070. Àmọ́ tí ayé bá ti gbóná dé ibì kan, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní Regina tàbí ní Halifax ṣeé ṣírò.

Ìwé náà sì sọ ibi tí ìmọ̀ wọn mọ. Lórí ooru àti òtútù, ọkàn àwọn onímọ̀ balẹ̀. Lórí atẹ́gùn líle, ọkàn wọn ò balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wá fi ara yín sípò olórí ikọ̀. Ẹ lè dúró títí ọkàn gbogbo èèyàn á fi balẹ̀, kí wọ́n máa kọ́ ilé lọ pẹ̀lú nọ́ḿbà àná. Ẹ sì lè fi nọ́ḿbà tí kò dájú sínú òfin, kí owó ilé ga sí i lórí ohun tó lè máà ṣẹlẹ̀. Èwo lẹ máa mú?

Ẹ wo ti yìnyín orí òrùlé. Ìṣirò fi hàn pé ní ọ̀pọ̀ ibi ní Kánádà, yìnyín ilẹ̀ máa fúyẹ́ sí i bí ayé ṣe ń gbóná. Ẹnì kan lè wá sọ pé ó dáa, ẹ jẹ́ ká dín igi òrùlé kù nígbà náà, owó á dín kù. Èmi ò ní gbà. Ilé tí wọ́n bá kọ́ lọ́dún yìí, yìnyín ọdún yìí ló máa kọ́kọ́ rí kó tó rí ti 2070. Tí nọ́ḿbà bá ń lọ sókè, ẹ lo ti ìgbà ogbó ilé náà. Tó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ lo ti òní. Ilé gbọ́dọ̀ lè dúró ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tún kù. Iṣẹ́ méjì ni irú ikọ̀ yìí ń ṣe, tí àwọn èèyàn sì máa ń pè pọ̀ bí ẹni pé ìkan ni. Àkọ́kọ́, kí ilé má ba ojú ọjọ́ jẹ́. Èkejì, kí ojú ọjọ́ má ba ilé jẹ́. Nǹkan bí 13% nínú gáàsì tó ń mú ayé gbóná tí Kánádà ń tú jáde ló ń ti inú ilé wá, pàápàá nítorí gáàsì tí wọ́n ń dá láti fi lé òtútù. Nítorí náà, wọ́n ń fẹ́ ilé tí kì í jẹ́ kí ooru jò dànù. British Columbia bẹ̀rẹ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2017, wọ́n sì ń gbé e ga díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹ rántí fúláàsì tí ìyá àgbà ń rọ omi gbígbóná sí. Ohun tí kì í jẹ́ kí omi gbígbóná inú ẹ̀ tutù, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi dídì yọ́ tẹ́ ẹ bá fi í síbẹ̀. Kò mọ̀ bóyá tíì lẹ dà sínú òun tàbí omi dídì. Ilé tuntun tí wọ́n fi fóòmù kì lógiri, tí wọ́n dí gbogbo ihò ẹ̀, fúláàsì ni. Nígbà òtútù, adùn ni. Àmọ́ tí oòrùn oṣù Keje bá gba fèrèsé gíláàsì ńlá wọlé látàárọ̀ dalẹ́, ooru yẹn ò rọ́nà jáde. Fúláàsì tíì ni yàrá náà dà, ìyá àgbà ló sì wà nínú ẹ̀.

Ìyẹn ni pé ikọ̀ tó bá gbájú mọ́ èéfín nìkan lè kọ́ ilé tó ń pa èèyàn lábẹ́ ooru. Èyí tó bá sì gbájú mọ́ ooru nìkan lè kó ẹ̀rọ amúlétutù síbi gbogbo, kí owó iná pọ̀, kí ayé sì gbóná sí i. Wọ́n gbọ́dọ̀ wo méjèèjì pọ̀. Kánádà sì ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí rí. Ní Vancouver, ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, wọ́n kọ́ ilé alájà púpọ̀ tí omi òjò ń gba ẹ̀yìn ògiri wọn wọlé tí kò sì rọ́nà gbẹ. Igi inú ògiri jẹrà. Ó le débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1998.

Kí ló wá ń ṣiṣẹ́? Ìbòji ni àkọ́kọ́, kó sì jẹ́ níta. Kọ́tìnì inú yàrá ti pẹ́ jù, torí ooru ti wọlé kó tó pàdé kọ́tìnì. Ohun tó bá dá oòrùn dúró kó tó kan gíláàsì ló dáa, bíi pátákó ìbòji tàbí igi ńlá níwájú fèrèsé. Àwọn bàbá wa tó ń yọ òrùlé síwájú lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Èkejì ni heat pump, tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Kì í dáná láti fi mú ilé gbóná. Ooru tó ti wà ló ń gbé láti ibì kan sí ibòmíràn, bíi fìríìjì. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fìríìjì yín, ó máa ń gbóná: ooru tó kó kúrò nínú ọbẹ̀ yín lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Nígbà òtútù, heat pump ń fa ooru láti ìta wá sínú ilé (ooru wà níta o, bí òtútù bá tiẹ̀ ń mú). Tí ìgbà ooru bá dé, ó yí padà, ó ń lé e jáde. Ìwọ̀n iná mọ̀nàmọ́ná tó bá jẹ, ó lè gbé ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ẹ̀ wọlé ní ooru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù tó bá mú jù máa ń dín agbára ẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ kọnkéré náà wà níbẹ̀. Ṣíṣe sìmẹ́ńtì ń tú èéfín púpọ̀ jáde, àti láti ìparí 2022, ìjọba àpapọ̀ ti ní kí kọnkéré tí wọ́n bá pò fún iṣẹ́ ńlá ìjọba ní kábọ́ọ̀nù tó fi 10% dín sí ti àgbègbè náà. A máa ya ètò kan sọ́tọ̀ fún ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òfin. Ìwé òfin tí Ottawa ń tẹ̀ jáde, àpẹẹrẹ ni. Kì í ṣe òfin níbì kankan títí ìpínlẹ̀ kan á fi gbà á, torí òfin orílẹ̀-èdè Kánádà fi ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan lè gbà á lọ́dún yìí, èkejì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀kẹta kó tún un kọ. Àwọn kọ́lékọ́lé náà á ní ilé ti wọ́n jù, ẹ má fi kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé ní Toronto mọ̀ pé wọn ò purọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ààbò ló wọ́n. Ní oṣù Kẹfà 2014, ìjì ààjà, èyí tí òyìnbó ń pè ní tornado, jà ní Angus ní Ontario, ó sì ṣí òrùlé ilé mélòó kan kúrò. Ibi tí òrùlé ti so mọ́ ògiri ló ti já. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń di igi òrùlé mú mọ́ ògiri ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan tẹ́ ẹ bá fi wé owó ilé. Tí iná igbó bá ń jó, ẹyin iná tí atẹ́gùn gbé fò ló máa ń wọ ihò atẹ́gùn abẹ́ òrùlé. Àwọ̀n irin tí ojú ẹ̀ há lè dá a dúró. Lẹ́yìn tí iná run nǹkan bí ilé 2,400 ní Fort McMurray ní 2016, National Research Council kọ ìwé ìtọ́sọ́nà lórí irú iná bẹ́ẹ̀, ó jáde ní 2021. Ìtọ́sọ́nà ni o. Kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni. Ní 2024, iná tún jó ilé 358 ní Jasper.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé bésímẹ́ǹtì, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2013, òjò 126 mílímítà rọ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú Pearson ní Toronto lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí irú òjò bẹ́ẹ̀ bá kún ojú ọ̀nà omi ìdọ̀tí ìlú, omi náà á máa padà gba páìpù ilé wá sókè, ilé tó bá sì wà nísàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kún. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sínú páìpù náà, tó ń jẹ́ kí omi jáde tí kì í jẹ́ kó padà. Ẹ bi onílé yín bóyá ó ti fi sí i. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó san owó ilé o, kì í ṣe lẹ́yìn omíyalé.

Ní oṣù Kẹta 2024, British Columbia fi nọ́ḿbà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sínú òfin. Láti ìgbà náà, ilé tuntun gbọ́dọ̀ ní yàrá kan, ó kéré tán, tí wọ́n kọ́ lọ́nà tí ooru inú ẹ̀ ò ní ju 26°C lọ. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú àwọn 619 yẹn, tẹ́ ẹ bá sì mọ bí òfin ilé kíkọ́ ṣe ń rìn, eré ni wọ́n sá.

Ilé tuntun nìkan lòfin náà kàn. Àwọn 619 yẹn, ilé tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n gbé, irú ilé bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì máa gbé fún ọdún gbọọrọ. Apá ibí yìí ni mo rò pé iṣẹ́ ikọ̀ ìjọba pọ̀ sí jù báyìí, òun náà ló sì ṣòro jù, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún onílé pé kó tún ohun tí òfin ti fọwọ́ sí ṣe. Nígbà tó bá ṣì kù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbàlagbà tó ń dá gbé ní àjà òkè, ẹ ra òṣùwọ̀n ooru fún yàrá wọn, owó díẹ̀ ni. Àwọn elétò ìlera British Columbia sọ pé tí ooru inú yàrá bá ju 31°C lọ tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó léwu fún àgbàlagbà àti aláìsàn. Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ilé máa ń gbóná jù, torí ògiri àti òrùlé ti mu ooru látàárọ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè wọ́n béèrè àlàáfíà lọ́jọ́ ooru, ẹ pè wọ́n ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ka nọ́ḿbà yẹn fún yín.